Odó Ọ̀fẹ́, Iṣu Olówó: Kí Ló Dé Tí Áàpù Bíbélì Ọ̀fẹ́ Fi Ń Bèèrè Owó?

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn, mo ń ká wáyà mákírofóònù jọ lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá Tíṣà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn ló ń kọ́ kíláàsì àgbà ní ìjọ wa níbí l'Adó-Èkìtì. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe máa ń di ṣọ́ọ̀kì mú náà ni wọ́n ṣe ń di fóònù mú. Wọ́n na fóònù ọ̀hún sí mi bí ẹni pé ó dẹ́ṣẹ̀.

"Ìwọ lo ní ọ̀fẹ́ ni nǹkan yìí. Wò ó."

Mo wò ó. Áàpù Bíbélì tí mo bá wọn fi sórí fóònù lóṣù tó kọjá ló ṣí sílẹ̀. Wọ́n ti tẹ orúkọ ìwé àlàyé kan, àwòrán àgádágodo kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iye owó wà nísàlẹ̀, dọ́là ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Kì í ṣe owó yẹn ló bí Bàbá nínú, irọ́ tí wọ́n rò pé mo pa fún wọn ni. Kí n tó lanu, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ti dá sí i: "Ẹ ò rí i pé wọ́n ti ń ta Jésù lórí fóònù báyìí!" Ẹlòmíì ní kí Bàbá fọkàn balẹ̀, pé ọmọkùnrin kan wà lọ́nà Òkèṣà tó máa kó gbogbo ẹ̀ sórí mẹ́mórì káàdì fún wọn ní owó táṣẹ́rẹ́.

Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ti gbọ́ pé òpùrọ́ ni mí, pé wọ́n ń ta Jésù, àti pé olè lè bá wa yanjú ẹ̀. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ò yé wa rárá. Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́nu tó ìgbà mẹ́fà láti ọjọ́ náà. Ẹ jẹ́ n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n sinmi.

Odó yàtọ̀ sí iṣu

Èkìtì la wà, iyán ni ká fi ṣàlàyé. Ká ní aládùúgbò yín ní odó ńlá kan, ó wá ní kí ẹ máa wá gúnyán nínú rẹ̀ nígbàkigbà, tòun tọmọ odó, òun ò gba kọ́bọ̀. Odó ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sọ pé òun máa fún yín níṣu. Ẹ lè gbé tiyín wá láti oko, ẹ sì lè rà á lọ́jà. Bí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ rí i pé ìyàwó rẹ̀ pàtẹ iṣu sí ẹ̀gbẹ́ odó náà, tó ń tà á, ìyẹn ò sọ odó di olówó.

Áàpù Bíbélì ni odó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ṣí ìwé, kó bá yín wá ọ̀rọ̀, kó gbé Bíbélì méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó sì rántí ibi tí ẹ fàlà sí. Ìwé tí ẹ ń kà nínú rẹ̀ jẹ́ fáìlì ọ̀tọ̀ tí wọ́n gbé wọ inú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é máa ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ní module. Èmi á máa pè é ní ìwé inú áàpù. Bíbélì Yorùbá jẹ́ ọ̀kan, King James jẹ́ ọ̀kan, ìwé àlàyé ẹsẹ-dé-ẹsẹ jẹ́ ọ̀kan, ìwé atúmọ̀ jẹ́ ọ̀kan, máàpù ilẹ̀ Ísírẹ́lì náà lè dá dúró láyè tirẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo olódó ló ń ṣe bákan náà. e-Sword, tí Rick Meyers gbé jáde ní 2000, ọ̀fẹ́ ni lórí kọ̀ǹpútà Windows, ọ̀pọ̀ ìwé tó wà fún un náà sì jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ẹ máa fowó rà. Logos, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1992, ilé ìtàwé gan-an ni tirẹ̀: wọ́n fún yín ní áàpù lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ lè ráàyè wọ ṣọ́ọ̀bù. Olive Tree náà ń tàwé nínú áàpù tí kò gbowó. YouVersion ló yàtọ̀ pátápátá. Ìjọ kan tí wọ́n ń pè ní Life.Church ló gbé e jáde ní 2008, kì í ta ìwé fún òǹkàwé, kì í polówó ọjà, ọrẹ àwọn èèyàn ni wọ́n fi ń gbé e ró. SWORD Project ti ẹgbẹ́ CrossWire tún wà, èyí tí àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni ń ṣe. Ara igi rẹ̀ ni àwọn mìíràn ti gbẹ́ odó tiwọn, AndBible tó wà fún fóònù Android sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ọ̀fẹ́ kọ́ ni òmìnira

Gẹ̀ẹ́sì ló dá apá kan wàhálà yìí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, free, ni wọ́n fi ń pe ohun tí èèyàn ò sanwó fún, òun náà ni wọ́n tún fi ń pe ẹni tó bọ́ lóko ẹrú. Yorùbá ò ní ìṣòro yẹn. Ọ̀fẹ́ lọ́tọ̀, òmìnira lọ́tọ̀. Bí ẹ bá rí áàpù tí wọ́n kọ free sí lára, ẹ kọ́kọ́ bèèrè èyí tí wọ́n ń sọ.

Áàpù ọ̀fẹ́ ni èyí tí ẹ ò sanwó kí ẹ tó lò ó. Ẹni tó ṣe é ṣì ló ni ín. Ó lè ní kí ẹ má tú u wò, ó lè ní kí ẹ má tà á, ó sì lè jí lọ́la kó ní òun ti ń gbowó. Áàpù òmìnira ni èyí tí ẹni tó ṣe é ti kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ pé ẹnikẹ́ni lè lò ó, lè tú u wò, lè tún un ṣe, lè pín in. SWORD Project wà níhìn-ín. Ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní GPL ni wọ́n fi gbé e jáde. Ibi tó ti máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé GPL ò ka títà léèwọ̀. Ẹ lè ta irú áàpù bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ṣáà ti jẹ́ kí ẹni tó rà á rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́, tí ẹ ò sì dí òun náà lọ́wọ́ láti pín in.

Òmìnira odó kì í sì í ran iṣu. Bí SWORD Project ṣe wà lómìnira tó, àwọn ìwé kan wà tí wọ́n ṣe fún un tó jẹ́ pé títì ni wọ́n tì wọ́n. Ẹ lè gbà wọ́n sórí fóònù, ṣùgbọ́n wọn ò ní ṣí àfi tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ìwé. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún kì í ṣe irin, lẹ́tà àti nọ́ńbà mélòó kan tí èèyàn ń tẹ̀ síbẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé "áàpù yìí jẹ́ ti gbogbo ayé, ẹ̀tọ́ mi ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀" ti da nǹkan méjì pọ̀.

Ta ló ni ìwé náà?

Ibí lọ̀rọ̀ wà gan-an, ibí sì lèmi náà ti máa pẹ́ jù.

Òfin gbà pé ẹni tó kọ ìwé ló láṣẹ lórí ṣíṣe ẹ̀dà rẹ̀, títà á, àti títúmọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn. Àṣẹ yẹn là ń pè ní kọ́píráìtì. Kì í wà títí láé. Ní Nàìjíríà, Òfin Kọ́píráìtì ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023, ní ó máa wà ní gbogbo ọjọ́ ayé òǹkọ̀wé, yóò sì tún wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tó kú. Ẹ jẹ́ ká fi ará ilé ṣe àpẹẹrẹ. Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí ibojì rẹ̀ wà l'Ẹ́fọ̀n-Aláayè, kú ní 1959. Ohun yòówù tí wòlíì náà bá fọwọ́ ara wọn kọ, kọ́píráìtì rẹ̀ ṣì wà títí di ìparí 2029. Pé wọ́n jẹ́ ẹni mímọ́ kò ní kí ẹnikẹ́ni wá máa tẹ̀ ẹ́ tà láìgbàṣẹ.

Nígbà tí ọdún yẹn bá pé, ìwé náà di omi odò. Ẹnikẹ́ni ló lè pọn ún. King James jáde ní 1611; yàtọ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí ọba ti ní àṣẹ pàtàkì kan lórí títẹ̀ ẹ́, omi odò ni káàkiri. Matthew Henry, òǹkọ̀wé àlàyé tí Bàbá Tíṣà fẹ́ràn jù, kú ní 1714. (Ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì ló kọ dé nígbà tí ikú dé, àwọn pásítọ̀ mìíràn ló bá a kọ ìyókù. Bàbá ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, inú wọn ò dùn.) Ìwé atọ́ka ńlá ti James Strong, tó to àwọn ọ̀rọ̀ inú Bíbélì àti ibi tí wọ́n wà, jáde ní 1890, Strong fúnra rẹ̀ kú ní 1894. Bíbélì Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣe aṣáájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde díẹ̀díẹ̀, ìwé Róòmù ní 1850, odindi Bíbélì ní 1884. Crowther kú ní 1891. Gbogbo èyí ti dọmi odò.

Ẹ wá ṣọ́ra o. Ìtumọ̀ tuntun ní ẹni tuntun tó ni ín. Ẹni tó bá jókòó tún Bíbélì túmọ̀, tàbí tó ṣàtúnṣe ńlá sí ti àtijọ́, ní kọ́píráìtì lórí iṣẹ́ tirẹ̀. NIV ti Gẹ̀ẹ́sì, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1978, ní ẹni tó ni ín, Biblica ni orúkọ wọn. Áàpù tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ lọ tọrọ àṣẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Bíbélì Yorùbá òde òní. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí King James lọ́fẹ̀ẹ́ nínú gbogbo áàpù láyé, tí àwọn tuntun á wà níbí tí wọn ò ní sí lọ́hùn-ún. Áàpù ò fi wọ́n dù yín, wọn ò gbàṣẹ ni.

Omi odò pàápàá, wọ́n ń tà á. Ẹni tó pọn ún, tó sẹ́ ẹ, tó dì í sínú ọ̀rá, tó gbé e sínú fíríìjì, ó lè ta píọ̀ wọ́tà rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa pè é lólè. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa, dídì yẹn lè jẹ́ iṣẹ́ ńlá. Strong fún ọ̀rọ̀ Hébérù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, títí dé 8,674, ó sì fún ti Gíríìkì títí dé 5,624. Bí ẹ bá ṣí Jòhánù 3:16 nínú King James tó ní nọ́ńbà wọ̀nyí, tí ẹ tẹ ibi tó ti sọ pé Ọlọ́run fẹ́ aráyé, nọ́ńbà 25 á jáde, ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà, agapao, á tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀. Bàbá Tíṣà tẹ̀ ẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Wọ́n ṣí ti Yorùbá, wọ́n tẹ "fẹ́". Kò ṣẹlẹ̀. Wọ́n tún un tẹ̀, ìka wọn le sí i. Kò ṣẹlẹ̀.

Ohun tó fà á ni pé Bíbélì Yorùbá tó wà nínú áàpù wa ò ní nọ́ńbà. Ẹnì kan ní láti jókòó, kó mú ọ̀rọ̀ Yorùbá kọ̀ọ̀kan láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn, kó so ó mọ́ ọ̀rọ̀ Hébérù tàbí Gíríìkì tó ti wá. Kò sẹ́ni tó ni omi Crowther, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe irú iṣẹ́ yìí, ta ló máa bọ́ ọ fún ọdún tó máa fi ṣe é? Ẹ fi ìbéèrè yẹn sọ́kàn tí ẹ bá tún rí àgádágodo.

Bí Bàbá bá sanwó, ta ló ń gbà á?

Ká ní ìwé àlàyé kan jẹ́ dọ́là 20. Ká ṣírò dọ́là kan sí ₦1,500 kí ìṣirò rọrùn: ₦30,000 nìyẹn. Owó yẹn á ra ìwé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi fún ọ̀pọ̀ èèyàn nínú kíláàsì Bàbá, mi ò sì dá wọn lẹ́bi bí wọ́n ṣe pariwo.

Ọjà tí ẹ ti gba áàpù náà ló kọ́kọ́ máa bu tirẹ̀. Ní 2021 ni Google bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí mílíọ̀nù dọ́là àkọ́kọ́ tí oníṣẹ́ áàpù bá pa lọ́dún, kó tó fò sí 30. Apple náà ní irú ètò 15 yẹn fún àwọn oníṣẹ́ kéékèèké. Lórí dọ́là 20 yìí, dọ́là mẹ́ta ti lọ, tàbí mẹ́fà. Nínú ìyókù ni ẹni tó ni áàpù ti máa mú, kí ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé náà tó mú tirẹ̀, òǹkọ̀wé sì máa ń wà níparí ìlà bí ọmọ tó pẹ́ dé ìdí oúnjẹ. Ẹni tó sọ ìwé náà di fáìlì, tó rí i pé gbogbo ẹsẹ bọ́ sójú ààyè rẹ̀, òun náà gbọ́dọ̀ jẹun.

Áàpù ọ̀fẹ́ fẹ́ràn ètò yìí nítorí pé díẹ̀ nínú àwọn tó ń lò ó ló máa ra nǹkan, owó àwọn díẹ̀ yẹn ló sì ń gbé odó ró fún gbogbo wa. Bí ẹ bá ti ń gúnyán níbẹ̀ lọ́dún mẹ́ta láìsan kọ́bọ̀, ẹnì kan tí ẹ ò mọ̀ ló ń ra iṣu lórúkọ yín.

Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń ta ìhìnrere?

Ìyá akọrin wa ò sọ̀rọ̀ lásán. Jésù fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn nínú Mátíù 10:8 pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbà, ọ̀fẹ́ ni kí wọ́n fi fúnni. Ẹnu kan náà ló sì fi sọ nínú Lúùkù 10:7 pé ọ̀yà alágbàṣe tọ́ sí i. Àwọn tó ń jà lórí ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń di ẹsẹ kan mú, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ ìkejì mọ́lẹ̀.

Lójú tèmi, a ti yanjú ẹ̀ tipẹ́ láìmọ̀. Bíbélì aláwọ dúdú tó wà lábẹ́ apá ìyá yìí, owó ni wọ́n fi rà á. Wọ́n san owó bébà, owó ìtẹ̀wé, owó mọ́tò tó gbé e wá. Wọn ò sọ nígbà náà pé wọ́n ta Jésù. Fóònù ni kò jẹ́ ká rí bébà, òun ló ṣe dà bí ẹni pé atẹ́gùn ni wọ́n ń tà.

Ibì kan wà tí mo ti gbè sẹ́yìn ìyá akọrin, mi ò sì ní fi bò. Àwọn kan máa gbé Matthew Henry láti inú odò, wọ́n á fún un ní èèpo ẹ̀yìn tuntun, wọ́n á ní dọ́là mẹ́wàá, láìfi ẹyọ iṣẹ́ kan kún un, láìsì sọ fún yín pé ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú áàpù mìíràn. Òfin ò ka ìyẹn sí olè. Ojú tèmi rí ohun tó rí. Àwọn mìíràn sì ń ti "àdúrà àkànṣe" mọ́lé, ẹ máa sanwó kí ti ọjọ́ kẹrin tó ṣí. Ìyẹn kì í ṣe ìwé rárá, mi ò ní lò ó nínú àlàyé yìí.

Mẹ́mórì káàdì ọ̀nà Òkèṣà

Mo lọ síbẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, ó kí mi, ó fún mi níjókòó. Ó fi fóldà kan hàn mí lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní ìwé inú rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. A ṣí i. Matthew Henry wà níbẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin pẹ̀lú orúkọ mẹ́rin. Strong wà níbẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta. King James, mi ò kà á tán. Ohun tó jẹ́ omi odò nínú rẹ̀ ju ìdajì lọ. Ẹ lè gbà á fúnra yín pẹ̀lú dátà tí kò tó ti fíìmù kan.

Ìyókù ni àwọn ìwé tuntun, àwọn olówó, tí ẹnì kan ti já àgádágodo wọn. Mo bi í bóyá ó mọ̀ pé kò gbàṣẹ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run mà ni." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ẹni tó kọ ìwé náà ṣì wà láyé o, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó ń fi owó rẹ̀ sanwó ilé-ìwé ọmọ. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ẹni tó ń ṣe irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ tà ti dẹ́ṣẹ̀, Àjọ Kọ́píráìtì Nàìjíríà sì láṣẹ láti gbé e lọ sílé ẹjọ́. Kódà, àwọn ìwé ọ̀fẹ́ kan wà tó jẹ́ pé àwọn tó ṣe wọ́n ní ẹ lè pín in fún ẹnikẹ́ni, ẹ má ṣáà tà á. Bí ẹ bá kó o sórí káàdì fún ọ̀rẹ́, ó dára. Bí ẹ bá ti gba ₦500 lórí rẹ̀, ẹ ti kọjá ààlà.

Káàdì náà tún ní fáìlì áàpù kan tí mi ò mọ̀ rí. Mo gbé e sórí fóònù àtijọ́ kan láti dán an wò, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni kí n jẹ́ kó máa ka àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ mi. Bíbélì wo ló fẹ́ ka àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì? Mo yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀.

Kí lẹ rà gan-an?

Bí ẹ bá ra ìwé bébà, ẹ ni ín. Ẹ lè yá ẹ̀gbọ́n yín, ẹ lè fi jogún fún ọmọ, ẹ lè fi ti ilẹ̀kùn. Ìwé inú áàpù ò rí bẹ́ẹ̀. Àṣẹ láti kà á lẹ rà, orúkọ àti ímeèlì kan ni wọ́n sì so àṣẹ náà mọ́.

Ojú mi ti rí i. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ra ìwé àlàyé kan nínú áàpù tí mi ò ní dárúkọ. Fóònù mi bọ́ sómi, mo ra òmíràn, mo ṣí ímeèlì tuntun torí pé mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà ti àtijọ́. Ìwé mi lọ. Mo kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn. Ẹ̀bi ti àwa méjèèjì ni, ṣùgbọ́n èmi nìkan lowó mi lọ.

Ohun mìíràn tí wọn kì í sọ fún yín ni pé ìwé tí wọ́n ṣe fún odó kan kì í sábà wọ òmíràn. Fáìlì e-Sword kì í ṣí nínú Logos, ti Logos ò ní ṣí nínú AndBible. Bí olódó bá kó kúrò ládùúgbò, iṣu yín bá a lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ wò ó bóyá ìwé náà ò sí lọ́fẹ̀ẹ́ níbòmíì. Ẹ wo ọdún tí òǹkọ̀wé kú, íntánẹ́ẹ̀tì á sọ ọ́ fún yín ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ kọ ímeèlì tí ẹ fi rà á sínú ìwé kan nílé, bébà ni mo wí. Bí ó bá sì jẹ́ orí Google Play lẹ ti rà á tí ẹ kábàámọ̀, ẹ lè béèrè owó yín padà láàárín wákàtí 48. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀bẹ̀ ni.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ tà ńkọ́?

Ní Èkìtì tí ọ̀jọ̀gbọ́n pọ̀ ju kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ yìí, mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa ronú pé òun ní ìwé àlàyé nínú dúrọ́ọ̀. Ẹ lè tà á. Ẹ lè bá ẹni tó ni áàpù sọ̀rọ̀ kí ó ti ìwé yín mọ́lé, kí ẹ jọ pín owó rẹ̀. Ẹ sì lè ṣe é ní irú fáìlì tí áàpù òmìnira ń lò, kí ẹ máa ta kọ́kọ́rọ́ fúnra yín. Kò sí ohun tó ní ìwé yín ti di ti gbogbo ayé nítorí pé odó rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni Bíbélì tó wà nínú ìwé yín. Bí ẹ bá to odindi orí láti inú ìtumọ̀ tuntun sínú rẹ̀, ẹ ti ń ta iṣu ẹlòmíì pẹ̀lú tiyín. Ẹ lọ gbàṣẹ, tàbí kí ẹ lo èyí tó ti dọmi odò. Mo bẹ̀ yín, ẹ fàmì sórí ọ̀rọ̀ yín. Wọn ò fàmì sórí ẹ̀dà Bíbélì àtijọ́ tó wà lórí fóònù mi, mo sì ti gbọ́ tí ọ̀dọ́ kan ka "ọkọ" gẹ́gẹ́ bí "ọkọ̀" níwájú ìjọ, lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Bàbá Tíṣà ńkọ́?

Wọn ò ra ìwé olówó yẹn. Mo bá wọn gba Matthew Henry lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú King James onínọ́ńbà, ó jẹ dátà díẹ̀, wọ́n ní kí n gba ₦200 fún un, mo ní rárá, wọ́n ní ọ̀yà alágbàṣe tọ́ sí i, mo gbà á.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú ìwé ẹ̀kọ́ aláwọ̀ búlúù kan wá fún mi. Wọ́n ti fi rúlà pín ojú ìwé sí ọ̀nà mẹ́ta, wọ́n fi bírò kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ọ̀kan, nọ́ńbà Strong sí ìkejì, ìtumọ̀ sí ìkẹta. Jòhánù orí kẹta ni. Wọ́n ti dé ẹsẹ 21.

"Èló ni wọ́n máa ń gbà lórí irú èyí?" ni wọ́n bi mí.